Ìfọ̀mọ́ Kábọ̀n inú Ògbólógbòó Táyà: Àkíyèsí láti Alímọ̀ṣọ́

Ìfáárà
Ní Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgàǹdó ní Alímọ̀ṣọ́, ó wọ́pọ̀ láti rí òkìtì ògbólógbòó táyà níwájú ìsọ̀ àwọn tí ń lẹ táyà. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, àwọn kan a máa dáná sun irú táyà bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè yọ wáyà inú rẹ̀ tà. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ohun mìíràn tí ó níye lórí tí iná náà ń run, èyí tíí ṣe kábọ̀n.

Ohun tí ó wà nínú táyà
Bí a bá pín táyà sí ọ̀nà mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan tí ó jẹ́ kábọ̀n dúdú, ìyẹ̀fun tí ó ń mú rọ́bà le, tí kì í jẹ́ kí oòrùn tètè bà á jẹ́. Imí-ọjọ́ àti síǹkì náà wà níbẹ̀.

Ìyọkúrò àti ìfọ̀mọ́
Nínú iná ìta gbangba, apá kan kábọ̀n náà a jó tán, apá kan a bá èéfín lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá mú táyà gbóná dé 400 sí 700 dígíríì nínú ìkòkò irin tí a dé pinpin, tí atẹ́gùn kò wọ̀, yóò pín sí epo, gáàsì, wáyà àti èédú. Èédú yìí kò tíì mọ́: eérú sábà máa ń kó ìdá 10 sí 20 nínú 100 rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ti kábọ̀n dúdú tuntun kì í sábà pé ìdá 1.

Ásíìdì tí a fi omi là ni ó ń yọ síǹkì. Omi kọ́sítíìkì gbígbóná ni ó ń yọ sílíkà. Lẹ́yìn èyí ni a óò fi omi ṣàn án, tí a óò sá a, tí a óò sì lọ̀ ọ́ kúnná. Iṣẹ́ aláró Òṣogbo àti Abẹ́òkúta fara pẹ́ èyí: wọn a da omi sórí eérú nínú ìkòkò onihò kí omi lè fa agbára rẹ̀ jáde. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé omi ni aláró ń fẹ́. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni afọkábọ̀n ń fẹ́.

Ewu wà níbẹ̀. Ásíìdì lè mú kí imí-ọjọ́ inú èédú di gáàsì olóró, omi ìfọ̀ náà kò sì ṣeé dà sí gọ́tà. Ilé iṣẹ́ tí a ṣètò dáadáa ni ó yẹ ẹ́, kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé.

Ìgúnlẹ̀
Kábọ̀n tí a fọ̀ mọ́ wúlò fún yíǹkì, páìpù àti rọ́bà tuntun. Bí a bá sì fi ooru omi gbígbóná dá ihò wẹ́wẹ́ sí i lára ní 800 sí 900 dígíríì, ó lè sẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú omi. Olùkọ́ lè fi ìkòkò eérú aláró ṣe àpèjúwe ìlànà yìí ní kíláàsì láìfọwọ́ kan táyà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lóye rẹ̀ yóò mọ̀ pé wáyà nìkan kọ́ ni ọrọ̀ inú táyà.