Kí Ni Ẹgbẹ́ Lè Sọ Nígbà Tí Òṣìṣẹ́ Rẹ̀ Bá Lọ?

Ká sọ pé aṣírò owó ẹgbẹ́ kan ní Bantè kò wá síbi iṣẹ́ mọ́. Kí ọjọ́ ọjà tó pé, ìtàn mẹ́ta ti gba ìlú kan: ọ̀kan ní owó kajú ló jẹ, òmíràn ní àìsàn tí a kì í dárúkọ ló ń ṣe é, ẹ̀kẹta ní ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Àwọn àgbà ránṣẹ́ pe alága. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ má bínú. Kò sí lẹ́nu iṣẹ́ wa mọ́. N kò gbọdọ̀ sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ." Inú àwọn àgbà kò dùn. Lójú wọn, ẹni tó panu mọ́ ń bo nǹkan mọ́lẹ̀ ni.

Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé òfin ni alága ń tẹ̀lé.

Òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 2018, tí a mọ̀ sí Code du numérique, dáàbò bo ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan. Kò yọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ nítorí pé kì í wá èrè. Kì í sì í ṣe ti kọ̀ǹpútà nìkan: fáìlì oníwèé tó wà nínú àpótí alága wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìlera, ẹ̀sìn àti òṣèlú ni òfin náà ṣọ́ jù. Àjọ APDP ló ń gba ẹ̀sùn ẹni tí wọ́n bá tú àṣírí rẹ̀.

Òfin iṣẹ́ ti ọdún 1998 ti la ọ̀nà náà tẹ́lẹ̀. Ìwé tí agbanisíṣẹ́ ń fún òṣìṣẹ́ tó ń lọ, certificat de travail, kò gbọdọ̀ ní ju ọjọ́ tó wọlé, ọjọ́ tó jáde àti irú iṣẹ́ tó ṣe lọ. Ìdí tí wọ́n fi dá a dúró wà nínú lẹ́tà mìíràn, òṣìṣẹ́ náà ni wọ́n sì kọ ọ́ sí, kì í ṣe ìlú. Bí kò bá gbà, ọ̀dọ̀ alábòójútó iṣẹ́ ni yóò kọ́kọ́ lọ, kó tó di ti ilé ẹjọ́. Kí ilé ẹjọ́ tó dájọ́, ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1990, ní abala 17, ka ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn sí aláìlẹ́bi. Alága tó bá pè é ní olè níwájú ìlú lè di olùjẹ́jọ́ fúnra rẹ̀.

Owó ní tirẹ̀ kì í ṣe àṣírí òṣìṣẹ́. Níbí ni n kò ti ní gbà fún alága kankan. "Owó dín" jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́. "Lágbájá ló jí i" jẹ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn kan. Ọmọ ẹgbẹ́ lè béèrè iye tó wọlé, iye tó jáde, àti ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé báǹkì báyìí. Fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, òfin OHADA ti 2010 tilẹ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti wo ìwé. Nígbà tí àwọn ọmọ Savalou bá darí wálé jẹ iṣu tuntun ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ, irú ìbéèrè yìí ni kí wọ́n gbé wá sí ìpàdé.

Bí ó bá sì jẹ́ pé wọ́n ṣe ọmọdé tàbí obìnrin níbi, ìpanumọ́ kò sí níbẹ̀ rárá. Iwájú àwọn ọlọ́pàá la ó gbé e lọ. Òfin 2021-11 wà fún ìyẹn. Ẹ má gbé e sórí WhatsApp, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ohùn tí ẹ bá fi ránṣẹ́ láti Bantè lówùúrọ̀ lè dé Abidjan kó tó di ọ̀sán, Code kan náà sì lè mú ẹni tó fi í ránṣẹ́. (Èmi náà ti gba irú rẹ̀ gbọ́ rí, mo sì tì í síwájú.)

Ní ti àwọn àgbà wa, wọ́n pe alága padà lọ́jọ́ kejì. Lọ́tẹ̀ yìí wọn kò béèrè ẹni tó lọ. Wọ́n ní kó gbé ìwé owó wá.