Àwọn Rásítà Láàárín Wa

Ẹni tí ó bá gba títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí ó rí Prayer City ní Ibafo, tí ó tún rí Redemption City ti ìjọ Rìdíìmù ní Mowe, kì yóò bèèrè bóyá ẹ̀sìn gbilẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn kan wà tí kò kọ́lé, tí kò rán ajíhìnrere, tí ó jẹ́ pé orin àti irun orí ni ó fi wọ ìlú títí dé Ifo.

Ní Jàmáíkà ni ó ti ṣẹ̀. Marcus Garvey ti ń ké sí àwọn ọmọ ẹrú pé kí wọ́n kọjú sí Áfíríkà. Nígbà tí a sì dé Haile Selassie ládé ní Etiópíà ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá 1930, Leonard Howell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé Ọlọ́run tí ó gbé àwọ̀ ènìyàn wọ̀ ni. Jáà ni Rásítà ń pe Ọlọ́run, Bábílónì ni ó ń pe ìjọba aninilára. Ẹ̀jẹ́ àwọn Nasiri inú Bíbélì ni kò jẹ́ kí ó fi abẹ kan orí, igbó sì wà lára ohun ìjọsìn rẹ̀.

Haile Selassie fúnra rẹ̀ wá sí Èkó ní 1967 láti bá wa wá ìparí sí ogun abẹ́lé, ọba aládé ni a sì gbà á lálejò sí. Rẹ́kọ́ọ̀dù àti kásẹ́ẹ̀tì ni ó gbé ẹ̀sìn náà dé etí wa, láti ọwọ́ Bob Marley títí kan àwọn tiwa: Majek Fashek ọmọ Ìbìní, tí ó fi orin bẹ òjò ní 1988, àti Ras Kimono, tí òun náà gbé àwo tirẹ̀ jáde ní 1989. A gba orin, a gba irun. Ìgbàgbọ́ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò bá wọn gbà.

Ohun tí ó dùn mí ni pé àwa tí a bí Dàda Olówó-ẹyọ, tí a ń so owó ẹyọ mọ́ irun rẹ̀, tí a sì ń se ẹ̀wà fún àwọn ọmọdé kí a tó fá a, ni a ń fojú olè wo ọ̀dọ́ tí ó bá ta kókó irun. Òfin 1966 tí ó fi ikú halẹ̀ mọ́ ẹni tí ó bá gbin igbó ti kọjá lọ, síbẹ̀ ní 2020 àwọn ọ̀dọ́ ṣì ń ké pé irun àwọn ni àwọn ọlọ́pàá SARS fi ń mú àwọn.

Dàda kò lè jà, ṣùgbọ́n ó ní àbúrò tí ó gbójú. Ní Gánà, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ Achimota ní kí ọmọ Rásítà méjì gé irun kí wọ́n tó wọlé, ilé ẹjọ́ gíga ní Accra dá wọn láre ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún 2021. Irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo ń fẹ́ ní ilẹ̀ wa, nítorí abala 38 ìwé òfin wa ti 1999, tí ó fún olúkúlùkù ní òmìnira ẹ̀sìn, kò yọ Rásítà sílẹ̀.