Kí Ló Dé Tí Omi Fi Lè Nira Láti Gbé Mì Ju Ẹ̀kọ Lọ?

Ẹ fi ìka kan gògóńgò yín, kí ẹ wá gbé itọ́ mì. Ṣé ẹ rí i bó ṣe sáré gòkè, tó sì padà sílẹ̀? Ìrìn kékeré yẹn wà lára ohun tó ń dáàbò bo ẹ̀dọ̀fóró wa.

Èmi náà ò kà á sí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu màmá àgbà, mo sáré bu omi fún wọn nílé. Kí n tó mọ̀, omi ti pá wọn lórí, ikọ́ ò jẹ́ kí wọ́n mí dáadáa. Nọ́ọ̀sì tó rí wọn lọ́sibítù ní a ò gbọdọ̀ tíì fi nǹkan kan sí wọn lẹ́nu. Ó yà mí lẹ́nu. Omi lásán?

Tí ẹ bá fi òkèlè iyán sẹ́nu, ahọ́n ló ń darí rẹ̀. Oríṣi iṣan 8 ló ń bá ahọ́n ṣiṣẹ́: 4 ń yí ìrísí rẹ̀ padà, 4 yòókù ń gbé e síhìn-ín sọ́hùn-ún. Wọ́n á tẹ òkèlè mọ́ àjà ẹnu, wọ́n á tì í sẹ́yìn. Títí dé ibí yìí, ẹ ṣì lè tu ú dànù. Tó bá ti kọjá sínú ọ̀fun, ó ti bọ́ lọ́wọ́ yín nìyẹn. Ìsàlẹ̀ ọpọlọ ló gba iṣẹ́ náà.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀fun kan náà ni èémí àti oúnjẹ ń gbà kọjá. Nítorí náà, láàárín bíi ìṣẹ́jú-àáyá 1 péré, apá ẹ̀yìn àjà ẹnu á dí ọ̀nà imú, èémí á dúró, iṣan á fa gògóńgò sókè, ìdérí ọ̀nà èémí á tẹ̀ bò ó, ọ̀nà oúnjẹ á sì ṣí.

Ohun tó ki máa ń rọra lọ. Omi ò mọ̀ ọ́n dúró ní tiẹ̀. Tí àrùn bá ti mú kí iṣan lọ́ra, omi á ti débẹ̀ kí gògóńgò tó gòkè. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀kọ mímu tó ki díẹ̀ fi lè rọ ẹlòmíì lọ́rùn ju omi lọ. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo èèyàn o: ohun tó ki jù lè kù sílẹ̀ nínú ọ̀fun. Àwọn kan tiẹ̀ wà tí omi ń wọ ẹ̀dọ̀fóró wọn láìwúkọ́ rárá, ó sì lè di òtútù àyà.

Wọ́n ní omi ò lọ́tàá. Màmá àgbà ti ń mu ún padà báyìí, lórí ìjókòó, díẹ̀díẹ̀. Tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ nílé yín, ẹ má ṣe bíi tèmi o. Ẹ tètè gbé aláìsàn lọ sọ́sibítù, kí wọ́n yẹ bó ṣe ń gbé nǹkan mì wò kí ẹ tó fún un lómi, oúnjẹ tàbí oògùn.