Bí A Ṣe Lè Dáàbò Bo Ẹ̀gẹ́ Wa Lọ́wọ́ Àrùn

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ewékorò, láti ara ẹ̀gẹ́ ni láfún àti gàrí wa ti ń wá. Ọdún 1972 ni wọ́n kọ́kọ́ kéde àrùn bakitéríà tó ń mú ewé rẹ̀ rọ ní Nàìjíríà. Igi tó ti kó àrùn, òjò àti àdá ló ń gbé e kiri. Kò sì sí oògùn tó ń wò ó.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń ṣe èròjà kékeré kan, péptáìdì, tó ń dá awọ ara bakitéríà lu títí yóò fi kú. Ìwádìí ṣì ń lọ lórí rẹ̀.

Kí ó tó dé oko wa, a rọ̀ yín: ẹ gbin igi ẹ̀gẹ́ tó jí pépé, ẹ fọ àdá yín, kí ẹ sì béèrè irú TMS 30572, tí IITA n'Ìbàdàn mú jáde láti kojú àrùn náà.