OHUN TÍ Ó Ń JÍ ÀRÙN ẸRAN ARA DÌDE

Àrùn tí a fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ aláìsàn di ẹni tí à ń pè ní ọ̀lẹ.

Inú ẹ̀jẹ̀ wa ni àwọn ọmọ ogun wà tí ń bá kòkòrò àrùn jà. Nígbà mìíràn, wọn a ṣi ọ̀tá mọ̀, wọn a sì kọjú ìjà sí ẹran ara tí a fi ń gbé apá àti itan. Ẹ̀yà rẹ̀ kan tí ó ń bá awọ ara jà pẹ̀lú ni àwọn dókítà ń pè ní dermatomyositis. Ó ń mú ọmọdé, ó ń mú àgbà.

Kí ni ó ń fà á? Àwọn kan á ní ọwọ́ ayé ni. Ohun tí ìwádìí fi hàn ni pé nǹkan méjì ló ń pàdé: ohun tí ènìyàn jogún lọ́dọ̀ òbí rẹ̀, àti ohun tí ó ti ìta wá. Koríko gbígbẹ kì í dédé jó. Iná ló ń ràn mọ́ ọn.

Èkínní nínú ohun ìta ni oòrùn. Ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ fi àwọn aláìsàn láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ wé ara wọn. Wọ́n rí i pé níbi tí ìtànṣán oòrùn bá ti le, ẹ̀yà tí ń mú awọ ara ló máa ń pọ̀ jù láàárín wọn. Èyí kò ní kí ẹni tí ara rẹ̀ le máa sá fún oòrùn. Ẹni tí àrùn náà ti mú ni kí ó máa bo ara.

Èkejì ni oògùn tí à ń pè ní statin, tí a ń fún ẹni tí ọ̀rá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 2011 ni a mọ̀ pé, lára àwọn díẹ̀ tí ń lò ó, àwọn ọmọ ogun ara ń bá ohun tí oògùn náà ń ṣiṣẹ́ lé lórí gan-an jà. Ènìyàn bí 2 sí 3 nínú 100,000 tí ń lò ó ni. Ìjà náà lè máa lọ kódà bí a ti dá oògùn dúró. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá a nù fúnra rẹ̀, nítorí ó ń dáàbò bo ọkàn. Dókítà ni kí a bi.

Ẹ̀kẹta ni sìgá. A ti rí i pé láàárín àwọn tí ó jogún àmì kan, sìgá bá ẹ̀yà tí ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ pẹ̀lú tan.

Báwo ni a ó ṣe dá a mọ̀? Ọmọ tí ó ń sáré tẹ́lẹ̀ kò ní lè dìde lórí ẹní láìfi ọwọ́ ti ilẹ̀. Ìyá kò ní lè gbé apá sókè di irun. Àtẹ̀gùn á le í gùn, oúnjẹ á máa há lọ́fun. Ìpéǹpéjú àti oríkèé ìka lè yí àwọ̀ padà. Lára awọ dúdú, ó lè dúdú sí i dípò kí ó pọ́n.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí, ẹ má fi pàṣán wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sàn. Ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Oògùn wà tí ń pẹ̀tù sí ìjà náà, bí a bá sì tètè bẹ̀rẹ̀, agbára ẹran ara kò ní tán kí ó tó ṣiṣẹ́.