Ẹ Má Kánjú Yáwó Ra Ẹ̀rọ Ìmí

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù, ìwé ẹ̀yáwó láti ra ẹ̀rọ ìmí ló fa ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dí lójijì lọ́nà ọkàn rẹ̀, tí Ọlọ́run sì yọ, ó wọ́pọ̀ kí èémí rẹ̀ máa dúró lójú oorun ní ọjọ́ àkọ́kọ́: á dákẹ́ bí ìṣẹ́jú àáyá 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, á wá ta gìrì mí kanlẹ̀. Nígbà mìíràn ọ̀fun ló dí, ìyẹn àwọn tó ń hanrun kíkankíkan. Nígbà mìíràn ọpọlọ ni kò ránṣẹ́ sí àyà, torí ọkàn tó gbọgbẹ́ kò tíì lè ti ẹ̀jẹ̀ dáadáa.

Ṣé ẹ rí i, bí ọkàn bá ṣe ń sàn, ti ọpọlọ a máa dínkù lára ọ̀pọ̀ ènìyàn láàárín oṣù díẹ̀. Ti ọ̀fun lè dínkù náà, ṣùgbọ́n lára ẹni tó sanra kì í sábà lọ tán. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó fọwọ́ sí ẹ̀yáwó, ẹ bi dókítà bóyá kí wọ́n tún àyẹ̀wò oorun náà ṣe lẹ́yìn bí oṣù 3.

Ẹ̀rọ tí Colin Sullivan gbé jáde ní Australia ní 1981 dára fún hanrun àti òògbé ọ̀sán. Àmọ́ wọ́n dán an wò lára ènìyàn 2,717. Èsì 2016 kò fi hàn pé ó dín ìkọlù ọkàn kù. Oògùn ọkàn kò gbọdọ̀ dúró.

Ẹni tó bá ń tòògbé lọ́sàn-án, kó má wakọ̀ lọ sí Òṣogbo. Kí ìyàwó rẹ̀ máa kọ ohun tó rí lóru sílẹ̀ fún dókítà.