Àyẹ̀wò Àkọsílẹ̀ àti Orúkọ Yorùbá Nínú Kọ̀ǹpútà

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó ṣàlàyé ohun tí ó yẹ kí kọ̀ǹpútà ṣe nígbà tí àkọsílẹ̀ tí a fi ránṣẹ́ sí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá òfin àyẹ̀wò rẹ̀ mu. Nínú ìlànà HTTP, èsì 400 ń fi hàn pé a kò to ìbéèrè bí ó ti yẹ. 422 ń fi hàn pé ìtò rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò ṣe é tẹ́wọ́ gbà. Nọ́ńbà nìkan kò tó: èsì gbọ́dọ̀ dárúkọ àyè tí àléébù wà, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, òfin náà gan-an ni ó lábùkù. Bí àpẹẹrẹ, Unicode kò ní àmì kan ṣoṣo fún ‘ọ̀’ inú ‘Adébọ̀wálé’. ‘Ọ’ àti àmì ohùn ìsàlẹ̀ ni a so pọ̀. Òfin tí kò gbà ju lẹ́tà A sí Z lọ yóò dá orúkọ náà padà. Bí olórúkọ bá yọ àmì kúrò kí iṣẹ́ rẹ̀ lè lọ, orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ gan-an ni a tọ́jú. Nítorí náà, òfin ni ó yẹ kí a tún ṣe: kí ó gba àmì ohùn, kí ó sì sọ onírúurú ọ̀nà tí a lè gbà so ‘ọ̀’ pọ̀ di ọ̀kan kí àyẹ̀wò tó bẹ̀rẹ̀.